Ẹni Tó Gbọ́ Ló Lè Kádìí

Ọ̀rọ̀ ìkádìí ni ọ̀rọ̀ tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń sọ kẹ́yìn nínú àríyànjiyàn, nígbà tí àwọn agbọ̀rọ̀sọ bá ti rojọ́ tán, tó wá ku kí àwọn adájọ́ sọ ẹni tó jàre. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, títí dé Malété ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro, olórí agbọ̀rọ̀sọ ìhà kọ̀ọ̀kan ló máa ń padà síwájú láti sọ ọ́. Nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní 1988, agbọ̀rọ̀sọ 3 ló ń dúró fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 8 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò, ìkádìí kò sì ju ìṣẹ́jú 4 lọ. Agbọ̀rọ̀sọ kìíní tàbí ìkejì ló lè sọ ọ́; àwọn alátakò ni yóò kọ́kọ́ kádìí, kí àwọn tó gbé àkòrí kalẹ̀ tó wá fi tiwọn sé e. Ohun kan wà tí ìdíje ilé wa àti tòkè òkun fẹnu kò sí: kókó tuntun kò gbọdọ̀ yọjú nínú ìkádìí. Ohun tó ti wà nílẹ̀ la ó fi ṣe é.

Òfin kan ṣoṣo yìí ló ya ìkádìí sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo apá yòókù. Ẹni tó ń ṣíde ọ̀rọ̀ lè ti ilé gbé e wá. Ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn lè ti ilé gbé ìdajì tirẹ̀ wá. Ẹni tó fẹ́ kádìí ò lè ti ilé gbé nǹkan kan wá, nítorí ohun tó fẹ́ kó jọ kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń kúrò nílé. Inú gbọ̀ngàn ló ti máa rí i, lẹ́nu àwọn tó ń bá a jiyàn àti lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ ìkádìí fi gbọ́dọ̀ ti etí bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bí ọmọ ṣe máa dúró, bó ṣe máa gbé ohùn sókè, bó ṣe máa na ọwọ́. Gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, kí ni ó fẹ́ gbé ohùn sókè lé lórí?

Iṣẹ́ àgbà gan-an là ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí a bá ní kó kádìí ọ̀rọ̀. Bí ẹjọ́ bá dé àgbàlá ìdílé, ẹni tó dàgbà jù ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó lè jókòó láti àárọ̀ kó má bi ju ìbéèrè kan tàbí méjì lọ. Tọkọ á rò, taya á rò, àwọn ọ̀dọ́ ilé á dá sí i, òun á máa mi orí. Nígbà tó bá wá lanu, kì í tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò mú gbólóhùn kan lẹ́nu ẹni yìí, yóò mú ọ̀kan lẹ́nu ẹni ọ̀hún, yóò sì fi méjèèjì han àwùjọ kí wọ́n rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọ́. Òun ni Yorùbá ṣe ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Wọ́n tún ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ tó bá kádìí ọ̀rọ̀ láìka ohun tí ìhà kejì sọ sí, ẹjọ́ ẹnìkan ló dá, bí èdè rẹ̀ ti wù kó dùn tó.

Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà láàárín àgbà ilé àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ibẹ̀ sì ni ìṣòro iṣẹ́ náà wà. Àgbà kò sí lẹ́yìn ẹnì kankan. Ọmọ tó ń kádìí wà lẹ́yìn ìhà tirẹ̀, ó sì fẹ́ kí ìhà náà borí. À ń ní kó jẹ́ agbẹjọ́rò, kó sì máa wo ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ojú adájọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò lè ṣe é. Síbẹ̀, ohun tí ìrírí fi ń kọ́ni lọ́dọọdún ni pé àwùjọ kì í fi ọkàn wọn fún ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó ń rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ. Ẹni tó bá ṣe déédéé sí alátakò rẹ̀ ni wọ́n ń gbà gbọ́ nígbà tó bá kan tirẹ̀. Agbára ìkádìí ń ti inú òdodo rẹ̀ jáde, ọmọdé sì lè kọ́ ìyẹn bí a bá tètè fi mọ̀ ọ́n. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun.

Kí ìwé òyìnbó tó dé ni Ìlọrin ti ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú ìmọ̀ kéwú, ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ń pè ní balāgha, ìyẹn ìmọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gún régé tó sì ń wọni lára. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ ní ibi mẹ́ta ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù: ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ibi tó bá ti ń fi kókó kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, àti òpin. Òpin wà lára wọn nítorí pé òun ló gbẹ̀yìn sétí olùgbọ́, òun ló sì ń bá a relé. Ọmọ tó ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí wáàsí Ràmàdáánì láti kékeré ti rí i, kódà bí kò mọ orúkọ ìmọ̀ náà, pé oníwàásí tó mọṣẹ́ kì í ṣubú lu àdúrà ìparí. Ó máa ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ ni. Nínú dadakúàdá pẹ̀lú, orin tí Odòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó kọ tí òkìkí wọn fi kàn, àwọn ẹlẹ́gbè a máa gba ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu olórin, ohun tí wọ́n sì gbà yẹn ni èrò máa ń kọ lọ sílé nígbà tí òde bá tú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe gíwá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ sí Malété ní 2009, wà lára àwọn tó fi ìwádìí wọn jìn fún irú àwọn iṣẹ́ ohùn Ìlọrin báyìí. Olùkọ́ tó bá ń wá ohun tí yóò fi kọ́ ọmọ ní ìkádìí kò níláti rìn jìnnà.

Ilé-ẹ̀kọ́ ló mú ọ̀nà mìíràn wá. Ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn di ohun tí kò ṣeé máà ní ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn àkòrí kan sì di ti gbogbo ayé: iṣẹ́ àgbẹ̀ sàn ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ, ìgbé ayé abúlé sàn ju ti ìlú ńlá lọ, ìyá wúlò fún ọmọ ju bàbá lọ. Àwọn gbólóhùn kan náà tún wà tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n á kí alága, wọ́n á kí àwọn adájọ́ tí kì í ṣègbè, wọ́n á kí olùṣọ́ àkókò. Nígbà tó bá sì kan ìparí, wọ́n á ní àwọn gbàgbọ́ pé pẹ̀lú ìwọ̀nba àlàyé àwọn yìí, àwọn ti là yín lọ́yẹ̀, àwọn ò dà yín lójú rú. Pàtẹ́wọ́ á sọ, ọmọ á jókòó.

Kò yẹ ká fojú tín-ín-rín gbólóhùn yìí. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ nílò ohun tí kò ní já a kulẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ àkọ́sórí yìí sì ti gbé ọ̀pọ̀ ojo dé ibi tí wọ́n ti di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ìpalára rẹ̀ ni pé ó gba ipò ìrònú níbi tí ìrònú ti yẹ kó pọ̀ jù. Ọmọ á ti sọ ọ̀rọ̀ gidi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tó bá ku kó sọ ìdí tí ohun tó sọ fi tẹ̀wọ̀n ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, á wá kéde pé òun ti là wá lọ́yẹ̀. Ìlàlọ́yẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kéde. Àwọn tó gbọ́ ni í mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lágbègbè yìí tí ohùn rẹ̀ dára, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ lórí pèpéle. Wọ́n ti kọ ìkádìí fún un láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó sì kọ́ ọ sórí yanran-yanran. Ìhà kejì dé, wọ́n gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Nígbà tó kàn án, ó fi gbogbo agbára tako ohun tí ìhà kejì kò sọ. Ó ní, “Wọ́n sọ fún wa pé owó ni gbogbo nǹkan,” bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dárúkọ owó láti àárọ̀. Àwọn ọmọ tó wà nísàlẹ̀ ń wo ara wọn lójú. Wọn ò kọ́ ìlànà àríyànjiyàn kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni yìí ò bá àwọn tó wà níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti sí nǹkan tó sọ tó tún wọ̀ wọ́n létí.

Irú nǹkan báyìí ló mú kí àwọn olùkọ́ kan ní àṣà kan tó ṣe pàtàkì ju ìdánrawò ohùn lọ. Bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń kádìí, wọn ò ní jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ ìhà tirẹ̀ rárá ní àkọ́kọ́. Wọ́n á ní kó dojú kọ ẹni tó bá a jiyàn, kó ro ẹjọ́ ẹni náà fún un. Ẹni náà ni yóò sọ bóyá ó rò ó bó ṣe yẹ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ọmọ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnìkejì rẹ̀ ṣì máa mirí pé, “Rárá o, ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn.” Ojú a máa ti ọmọ náà. Kò sí ẹ̀kọ́ tó yára ju ìtìjú kékeré yìí lọ, nítorí ó máa rí i pé gbogbo ìgbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, ohun tí òun fẹ́ sọ ló gba òun lọ́kàn.

Bí etí bá ti là, ohun tó kàn ni kí ọmọ rí ìkòríta, ìyẹn ibi tí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti pínyà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń pariwo nínú àríyànjiyàn ni ìhà méjèèjì gbà. Ìtàn orílẹ̀-èdè wa ní àpẹẹrẹ tó dára. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro, tó jẹ́ ẹni ọdún 29, gbé àbá kalẹ̀ ní ilé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, mú àtúnṣe wá: kí wọ́n yọ 1956 kúrò, kí wọ́n fi “ní kété tó bá ti ṣeé ṣe” rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo ọjọ́ náà lásán á rò pé àwọn kan fẹ́ òmìnira, àwọn kan kò fẹ́. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ ẹ. Ìgbà ni wọn kò fẹnu kò lé lórí, ohun tó sì wà lábẹ́ ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó ń ba àwọn ará Òkè Ọya pé àwọn tí ìwé òyìnbó ti kárí ọ̀dọ̀ wọn yóò gba gbogbo ipò kí àwọn tó múra tán. Ẹni tó bá dìde láti kádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó wá ń sọ bí òmìnira ti dùn tó, ti pàdánù ìkòríta. Ohun tó yẹ kó dáhùn ni pé: ìpalára wo ló pọ̀ jù, ti kí a tètè lọ ni tàbí ti kí a dúró? Òmìnira náà dé ní ọdún 1960, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpàdé tí wọ́n fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn.

Lẹ́yìn ìkòríta ni ìwọ̀n. Àkòrí kan tó máa ń gbóná ní Kwara ni ti ilẹ̀ oko. Láti bí 2005, nígbà ìjọba gómìnà Bùkọ́lá Sàràkí, àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun 13 tí wọ́n ti Zimbabwe wá gba ilẹ̀ oko ní Shonga, ní ìjọba ìbílẹ̀ Edu, hẹ́kítà 1,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sin màlúù oníwàrà, wọ́n sin adìyẹ, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́. Àkòrí tó máa ń jáde láti inú rẹ̀ ni pé ó sàn kí ìjọba fa ilẹ̀ lé àgbẹ̀ ńlá lọ́wọ́ ju kó máa ran àgbẹ̀ kékeré lọ́wọ́ lọ. Malété àti àwọn abúlé tó yí i ká jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti mọ ọkọ́ àti àdá dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé fún wọn.

Ìkádìí tí ọmọ máa ń kọ́kọ́ sọ lórí rẹ̀ kò ju àkójọ lọ: a sọ pé ilẹ̀ jẹ́ ogún bàbá wa, a sọ pé àgbẹ̀ kékeré ló ń bọ́ ìlú, a sọ pé àlejò kò mọ ilẹ̀ wa. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́, kò sì mú ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá kádìí rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ó ní: “Ìhà kejì sọ pé oko ńlá ń mú wàrà àti adìyẹ jáde ju oko kékeré lọ. Òótọ́ ni. A ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ìbéèrè kan ló kù tí ẹnì kankan ò dáhùn láti àárọ̀: bí ọdún bá burú, ta ni yóò ṣì wà lórí ilẹ̀ náà? Ẹni tó ti òkèèrè wá lè di ẹrù rẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Bàbá tiwa ò níbi tó fẹ́ gbé e lọ.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo àwọn adájọ́, ó dúpẹ́, ó jókòó. Ìṣẹ́jú rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì pé.

Ó yẹ ká wo ohun tó ṣe yìí dáadáa. Ó gba ohun tó lágbára jù lọ́wọ́ alátakò rẹ̀ láìjiyàn, èyí tó mú kí àwọn tó fara mọ́ ìhà kejì ṣí etí sí i. Ó dá àríyànjiyàn náà dúró sórí ìbéèrè kan. Ó wá fi hàn pé ìbéèrè náà wúwo ju iye wàrà lọ, nítorí pé ìlú lè fara da ọdún tí wàrà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fara da ọdún tí kò ní sí ẹni tí yóò dá oko. Ìyẹn gan-an sì ni kò sọ jáde. Ó fi í sílẹ̀ kí àwọn adájọ́ fúnra wọn lọ bá a. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ọmọ tó bá mọ ibi tó yẹ kó dánu dúró ti bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ ọ, kò sì sí ohun tó tètè ń yí ọkàn ènìyàn padà bíi kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n rẹ̀.

Àwọn òbí kan kì í fẹ́ gbọ́ irú nǹkan báyìí sétí. Ìyá kan wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wá sọ pé láti ìgbà tí ọmọ òun ti wọ ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn ni kò ti sí ohun tí wọ́n sọ fún un nílé tí kò ní ìdáhùn sí. Bàbá mìíràn béèrè ohun tó le ju ìyẹn lọ: ọmọ tí ẹ ní kó gbèjà iṣẹ́ àgbẹ̀ lónìí, kó sì takò ó lọ́la, ṣé ẹ kò sọ ọ́ di èké? Ìbéèrè pàtàkì ni, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Yorùbá mọ̀ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tó mọ òtítọ́ tí kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ tí yóò fi wọni lára, èké alárékérekè yóò borí rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Nítorí òtítọ́ la ṣe ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Gbígbèjà ìhà méjèèjì náà ń mú kó mọ̀ pé ẹni tó ń bá òun jiyàn ní ìdí tirẹ̀, kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àfi bí olùkọ́ bá di ààlà kan mú ṣinṣin: ọmọ kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ alátakò po. Ó lè sọ pé ohun tí wọ́n sọ kò tó, ó lè sọ pé kò tẹ̀wọ̀n, kò gbọdọ̀ sọ ohun tí wọn kò sọ mọ́ wọn lẹ́nu. Inú ìkádìí ni ìdánwò yìí ti ń le jù, nítorí pé ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́ kò ní àyè àtifèsì mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Olùkọ́ tó bá rí i pé ọmọ òun fi irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ borí, tó wá bá a yọ̀, ti kọ́ gbogbo ọmọ tó wà ní gbọ̀ngàn náà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé nìyẹn. Ife ẹ̀yẹ á wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ burúkú náà á sì máa bá àwọn ọmọ náà dàgbà.

Ẹkún náà nílò ìṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti mọ̀ pé bí àwọn bá fi ìtàn ọmọ òrukàn kan kádìí, àwọn adájọ́ kan á nu ojú. Àánú ní àyè tirẹ̀, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn lọ́kàn kì í ṣe ìpinnu kankan. Ibi tó yẹ kó wà ni ẹ̀yìn ẹ̀rí. Bí ìwọ̀n bá ti fi hàn pé ìhà kan wúwo, ìtàn kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ lè jẹ́ kí àwùjọ rí ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Bí ẹ̀rí kò bá sí nílẹ̀, ẹkún á gbẹ, adájọ́ á sì bi ara rẹ̀ pé kí lòun gbọ́ gan-an.

Ọ̀rọ̀ èdè kò ṣeé fò kọjá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jiyàn ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé ní Malété, àwọn mìíràn sì ń sọ Fúlàní, Tápà tàbí Bàrùbá. Ọmọ lè kọ́ ìṣíde ọ̀rọ̀ sórí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kó sì dán gbinrin. Ìkádìí ni yóò tú u fó, nítorí kò sí ohun tó kọ́ sórí tó lè gbà á níbẹ̀. Ó ní láti ronú lójú ẹsẹ̀, èdè tó bá sì ń ronú nínú rẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún gbogbo ọdún 6 ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì fi hàn pé èdè abínibí kì í fa ọmọ sẹ́yìn. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan lórí èdè abínibí ní ilé-ẹ̀kọ́ ní 2022, ó sì fagi lé e ní 2025. Ìlànà ń lọ, ìlànà ń bọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ àríyànjiyàn kò níláti dúró dè wọ́n. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ fi Yorùbá kádìí, tó rí ìkòríta, tó wọn ọ̀rọ̀ wò ní èdè tó mọ̀ dénú, yóò rí ohun gidi sọ nígbà tó bá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 pàápàá, ní abala 97, gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdè mìíràn kún Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá fẹnu kò sí i. Ẹni tó máa fi Yorùbá kádìí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ lọ́la wà ní kíláàsì lónìí.

Ayé àríyànjiyàn ti yí padà gan-an ní ogún ọdún tó kọjá. Ìdíje àwọn yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ó sì mú ìlànà tí ẹgbẹ́ 4 àti agbọ̀rọ̀sọ 8 fi ń pàdé gbilẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú 7 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó gbẹ̀yìn ní ìhà kọ̀ọ̀kan sì ni láti kó ọ̀rọ̀ jọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó kọ́ ìlànà yìí máa ń padà lọ ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́wọ́. Èrè ńlá ni wọ́n mú wá. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ láti béèrè ta ni ọ̀rọ̀ kàn jù, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ṣé ó ṣeé tún ṣe bó bá bàjẹ́. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ kì í sábà la èyí yéni tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọnù ni àwùjọ. Ọmọ á máa sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, á máa lo àwọn ọ̀rọ̀ tí adájọ́ nìkan mọ̀, ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn kò sì ní mọ ohun tó sọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ìkádìí tí kò yé ẹni tó wọlé láti ọjà kò tíì parí, kódà bí adájọ́ bá fún un ní máàkì.

Fóònù náà ti dé. Ẹ̀rọ ti wà báyìí tí ọmọ lè sọ àkòrí fún, tí yóò sì kọ ìkádìí tó dùn fún un kí ó tó jẹun tán. Àwọn olùkọ́ kan ń bẹ̀rù pé èyí ni yóò pa iṣẹ́ náà. Bóyá yóò pa ìṣíde ọ̀rọ̀ lára. Ní ti ìkádìí, ẹ̀rọ náà kò sí ní gbọ̀ngàn, kò gbọ́ ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kejì sọ, kò sì rí ojú adájọ́ tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ohun tó kọ kò yàtọ̀ sí ìwé tí ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ́sí kọ́ sórí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kàn dán ju ìyẹn lọ ni. Bí ó bá ti ń rọrùn tó láti gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni apá tó gbọ́dọ̀ ti inú gbọ̀ngàn wá yìí yóò máa níye lórí tó.

Ìhà kan gbọ́dọ̀ fìdí rẹmi nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Ẹ̀kọ́ ìkádìí kò pé bí kò bá múra ọmọ sílẹ̀ fún ìyẹn. Bí à ń jà, bí i ká kú kọ́. Ọmọ tó ti fi òdodo ro ẹjọ́ alátakò rẹ̀ kì í wó lulẹ̀ bí alátakò náà bá borí, nítorí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹjọ́ náà ní ìdí. Ó lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tọkàntọkàn. Àwọn tó ti kọ́ èyí ní kékeré máa ń hàn nígbà tí wọ́n bá dàgbà: ní ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti ń pín ogún, ní ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, ní ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ni àwùjọ máa ń wò nígbẹ̀yìn pé kí wọ́n bá wọn kó ọ̀rọ̀ jọ.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí olùkọ́ lè fi wọn ìkádìí ọmọ kò sí lọ́wọ́ adájọ́ nìkan. Apá kan rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá ọmọ náà jiyàn. Bí ẹni náà bá gbọ́ ìkádìí tí wọ́n fi borí rẹ̀, tó sì lè sọ pé, “Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn, wọ́n sì ti fi hàn mí pé kò tó,” olùkọ́ náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.